Ṣé FPS tó ga ṣe pàtàkì, àbí owó wa ni wọ́n kàn ń wá?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ ọ́ síbí pé ariwo lásán ni gbogbo 120 FPS tí àwọn ọmọ géèmù ń pa kiri. Ẹ fẹ́ràn ẹ̀, ẹ pín in káàkiri. Mo ti wá rí i pé àṣìsọ wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni àṣìsọ o, ìdí tí mo fi padà wá nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fà á. Ó kó àjọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi dá a, nínú owó tó ń rí níbi tó ti ń bá wọn tún fóònù àti laptop ṣe. Ó ní mọ́nítọ̀ 240 Hz lòun fẹ́ fi rà. Ẹ wá wo laptop tó fẹ́ so ó mọ́! Kí géèmù tó ṣí tán, á ti máa mí gúlegúle bí ajá tó sáré láti ọ̀nà jíjìn.

Màmá wa ní kí n bá a sọ̀rọ̀, ṣebí èmi ni mo lọ yunifásítì. Mo bá sọ fún un pé, "Ojú èèyàn ò lè rí ju 60 lọ jàre, tọ́jú owó ẹ." Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì níbí náà ni mo ti gbọ́ ọ.

La bá dán an wò. Fóònù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lè ṣe 60, ó sì lè ṣe 120. Mo pa nọ́ńbà tó máa ń hàn ní igun, mo kọjú sí ògiri, mo yí settings, mo gbé e fún un láì sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ìkan tó gbà sódì, màmá wa ló ń pè é lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ta géèmù. Kò sí àwòrán tó ń rìn lójú fóònù. Àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ fún wa kíákíá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn là ń pè ní frame. FPS ni iye tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ 30, frame kọ̀ọ̀kan máa lo nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ndì 33 lójú yín. Tó bá jẹ́ 60, 16.7. Tó bá jẹ́ 120, 8.3. Tó bá jẹ́ 240, 4.2.

Ẹ tún nọ́ńbà yẹn wò. Láti 30 sí 60, ẹ jèrè mílísẹ́kọ́ndì tó lé ní 16. Láti 60 sí 120, ẹ jèrè bíi 8. Láti 120 sí 240, bíi 4 péré. Nọ́ńbà ara páálí ń di ìlọ́po méjì, èrè inú ẹ̀ ń di ìdajì. Owó ńkọ́? Owó ò dín kù o.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, ṣebí fíìmù tí gbogbo wa ń wò, 24 ni, a sì ń sunkún níbẹ̀? Òótọ́ ni. Skit tèmi gan-an, 24 tàbí 30 ni mo máa ń yà á, torí 60 máa ń jẹ́ kó dà bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí Peter Jackson gbé The Hobbit jáde ní 48 lọ́dún 2012, ọ̀pọ̀ òǹwòran ló ráhùn pé ó ti dán jù. Àmọ́ fíìmù, wíwò là ń wò ó. Kámẹ́rà náà tún máa ń fi ipa ìsáré sílẹ̀ sínú frame kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tó ń jà dà bíi pé ó ń ṣàn nìyẹn. Nínú géèmù, ọwọ́ tiyín ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ ń retí kó dá yín lóhùn, ẹ ò sì ní rí ìdáhùn náà àfi tí frame tó kàn bá dé. Ohun tí àbúrò mi ń mọ̀ lára nìyẹn. Kì í ṣe ojú nìkan ló fi ń rí i, àtàǹpàkò ẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Ibí lọ̀rọ̀ ti wá dùn.

Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, fóònù ti gbóná. Kò sí iná, fáànù ò ṣiṣẹ́, oòrùn ọ̀sán wà lórí páànù. Chip inú fóònù, tó bá ti gbóná jù, á fúnra ẹ̀ dẹ eré kí ara ẹ̀ má baà bà jẹ́. Mo wo nọ́ńbà tí mo ní kó máa jẹ́ 120: ó wà ní 118, ó já sí 70, ó gòkè sí 95, ó já sí 52. Mo bá dè é mọ́ 60, ó sì dúró síbẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ eré ìdánwò mi. Mo gbé 120 tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ fún un, mo gbé 60 tó dúró fún un. Ó di 60 mú, ó ní, "Èyí gan-an ni 120." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fojú onílù wò ó. Onílù tó ń lù jẹ́jẹ́, tí ìlù ẹ̀ dọ́gba, ẹ máa jó sí i. Èyí tó ń sáré, tó tún dúró, tó tún sáré, ẹsẹ̀ yín á kọ́lẹ̀. Tí frame kan bá lo mílísẹ́kọ́ndì 8, tí èkejì lo 20, tí ẹ̀kẹta lo 9, ọwọ́ ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ.

Bloodborne tó jáde lórí PS4 ní 2015, 30 ni wọ́n dè é mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ jù náà ló ń ṣàròyé jù, torí frame rẹ̀ kì í wọlé ní dọ́gbadọ́gba. Bẹ́ẹ̀ Zelda: Ocarina of Time ti 1998, 20 ló fi ń rìn, ogún péré o, wọ́n sì ń kà á mọ́ àwọn géèmù tó dára jù láyé títí dòní.

Tekken ńkọ́? 60 ni, kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Frame ni wọ́n fi ń ka gbogbo ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tó yá jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jáde ní frame 10, ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá kan. Arslan Ash, ọmọ Lahore ní Pakistan, fi 60 yìí gba EVO Japan ní 2019, ó tún lọ gba EVO ní Las Vegas lọ́dún kan náà. Ẹni tó ń bá a jà náà, 60 ni. Kò sẹ́ni tó lè fowó ra frame lé e lórí.

Ẹ má wá sọ pé mo ní 240 ò wúlò o. Ẹni tó ń jẹun nínú Counter-Strike, mílísẹ́kọ́ndì 4 lè jẹ́ owó ilé ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ping ẹ̀ wà ní 150, tó ń wá 4 kiri, ó dà bí ẹni tí àpò gààrí ẹ̀ ti ya, tó bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa hóró kọ̀ọ̀kan nílẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ẹni tó fẹ́ ta mọ́nítọ̀ yẹn fún ọmọ náà ò bi í léèrè rárá pé laptop wo lo ní. Laptop ẹ̀ ń yọ 45, ọjọ́ tó bá jí dáadáa. Mọ́nítọ̀ 240 ò lè fi àwòrán tí laptop ò yà hàn, èyí tó wà nílẹ̀ náà lá máa tún gbé jáde. Àjọ oṣù mẹ́jọ!

Kò ra á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló gbọ́ o, 60 tó pè ní 120 ló gbọ́. Ó tú laptop náà fúnra ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, eruku tó gbọ́n jáde níbẹ̀, ẹ máa rò pé inú àjà ni wọ́n gbé e sí. Ó yí páàtì tó wà lórí chip padà, ó fi RAM kún un, ó dín àwọ̀ òjìji inú géèmù kù, ó dè é mọ́ 60. Ó ń dúró síbẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú owó ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ọjọ́ tóun bá ra laptop tó lè yọ 100 láìmí, òun á ra 144, kí n má tún bá òun sọ̀rọ̀ ojú èèyàn mọ́. Mo ti gbà.

Post mi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní pa á rẹ́. Ẹ lè lọ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀. Àbúrò mi ti wà níbẹ̀ ṣáájú yín.