Àkọ́rọ̀ ti dé: ẹ máa kọ ẹran àti ẹyẹ tẹ́ ẹ bá rí lóko sílẹ̀

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ ní Ilemona níbí, mo sì ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn kan lè pè ní ọ̀rọ̀ aláìníṣẹ́. Ó yẹ kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ẹran ìgbẹ́ àti ẹyẹ tó bá rí lóko sí: ọjọ́, àsìkò, iye wọn, ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó sọ ọ́ sínú fóònù, ọmọ á bá a kọ ọ́.

Kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀? Ẹ wo àgbàdo tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Bí nǹkan bá hú u jẹ, ẹran tó bá kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa la máa ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, ojúmọmọ ni ikún àti àparò ń jẹ̀, òru ni ti òkété. Ọ̀yà ní tiẹ̀, igi àgbàdo ló ń gé lulẹ̀, ojú ibi tó gé á dà bíi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Ẹni tó bá kọ àsìkò sílẹ̀ á mọ ẹni tó ń bá a jà. Ẹni tí kò mọ̀, májèlé ló máa dà sóko, májèlé ò sì mọ ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ da òun. Òwìwí tó bá jẹ eku olóró lè kú, àwòdì lè kú, igún tó bá bà lé òkú ẹran náà lè bá a lọ. Òwìwí yìí kan náà ló ń bá wa pa eku tó ń jẹ ọkà, a wá ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́! (Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, èrò tèmi ni.)

Ti igún ló ń dùn mí jù. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, síbẹ̀ wọ́n ń ta orí ẹ̀ lọ́jà. Láti 2015 ni àjọ IUCN ti ka igún kékeré tá a mọ̀ nílé ìpẹran mọ́ ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ẹ bi àwọn tó ti lé ní 50 ọdún pé mélòó ló máa ń bà nílé ìpẹran nígbà èwe wọn. "Wọ́n pọ̀ gan-an" ni wọ́n máa sọ. Kò sẹ́ni tó kọ iye.

Lékèélékèé náà ń kọ́? Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí òjò bá ti múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba òkè Ọya lọ. Ọjọ́ wo ni wọ́n lọ léṣìí? Tá a bá ní ọjọ́ yẹn fún ọdún 10, a ó mọ̀ bóyá àsìkò ń yí padà lóòótọ́.

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos wà lára àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí ojú-ìwọ̀n bíi kìlómítà 9 níbùú lóòró. Ẹni tó bá fẹ́ kà á á lo ó kéré tán wákàtí 2 níbẹ̀, á máa tẹ orúkọ ẹyẹ tó rí sórí áàpù BirdLasser. Ọmọ àgbẹ̀ tó ní fóònù lè ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ìkìlọ̀ kan. Ẹran tó bá lówó lórí, ẹ má sọ ibi tó wà síta. Akíka, èèrà àti ikán ló ń jẹ, kò fọwọ́ kan irè oko wa. Láti 2017 ni àdéhùn CITES ti fòfin de títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, síbẹ̀ ní 2021 àwọn aṣọ́bodè gba ìpẹ́ ẹ̀ tó ju tọ́ọ̀nù 7 lọ ní Lekki. Tẹ́ ẹ bá gbé fọ́tò ẹ̀ síta tẹ́ ẹ sì dárúkọ oko, ọdẹ ló máa kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ẹran ìgbẹ́, ẹ kúkú ti ní ìwé gbèsè. Ẹ̀yìn ẹ̀ tó láti kọ iye ọ̀yà tó wọlé lọ́sẹ̀ sí.

Ó yá o: ta ló ti rí igún láàárín Ilemona sí Ẹrin-Ilé sí Ọ̀fà lọ́dún yìí? Ẹ kọ oṣù àti iye sísàlẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá mọ igi tó kọ́ ìtẹ́ sí, ẹ fi ìyẹn sínú ìwé tiyín.