Ẹ Má Fi Linux Nìkan Kọ́ Kíláòdù: Lẹ́tà sí Àwọn Ọ̀gá Ẹnjiníà

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹnjiníà tí ẹ ń pinnu ohun tí sáfà ilé-iṣẹ́ yín máa fi ṣiṣẹ́,

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ kì í yàn mọ́. Àṣà ló ń yàn fún yín. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé, kò sẹ́ni tó ń béèrè irú ètò tí yóò darí ẹ̀rọ. Linux ni. Bí ọ̀dọ́ kan bá dárúkọ FreeBSD, OpenBSD tàbí illumos nínú ìpàdé, wọ́n á ní, "Ta ló ń lo ìyẹn?" Ọ̀rọ̀ á sì bùṣe síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Ẹni tó ń wo fíìmù lórí Netflix ń lò ó. FreeBSD ló ń darí àwọn sáfà Open Connect tí wọ́n kó fíìmù wọn sí káàkiri ayé. Ní 2021, àwọn ẹnjiníà wọn fi hàn pé sáfà kan ṣoṣo lè gbé gígábíìtì 400 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú TLS lórí rẹ̀. WhatsApp tí ẹbí wa fi ń kí ara wọn láàárọ̀, láti Ìbàdàn dé London, orí FreeBSD ló ti dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012 wọ́n kéde pé sáfà kan ń gba ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí Facebook rà wọ́n ní 2014, tí wọ́n wá kó wọ ilé sáfà tí ohun gbogbo ti ń lo Linux, ni wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Àwọn ohun tí ẹ ń pè ní tuntun ńkọ́? Ní 2000 ni FreeBSD gbé jail jáde, láti ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì lórí sáfà kan náà. Zones ti Solaris tẹ̀ lé e ní 2005. Ọdún 2013 ni Docker tó dé. Títí dòní, kò sí ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ container nínú kernel Linux: namespaces, cgroups àti seccomp ni wọ́n so pọ̀, ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe wọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ògiri ààbò wà gan-an yóò wá a títí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ZFS, ètò ìtọ́jú fáìlì tí ilé-iṣẹ́ Sun ṣí sílẹ̀ fáyé ní 2005. Ó máa ń yẹ dátà wò nígbàkígbà tó bá kà á. Bí dísíkì bá parọ́, ó mọ̀, bí ẹ̀dà kejì bá sì wà, á fi í tún un ṣe. Inú FreeBSD ló wà láti ìgbà tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Nítorí ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ, kò lè wọ inú kernel Linux. Linus Torvalds fúnra rẹ̀ gba àwọn ènìyàn níyànjú ní oṣù kìíní 2020 pé kí wọ́n má lò ó.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ọdún 2024. Ní oṣù kẹta, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Andres Freund rí i pé ìwọlé SSH rẹ̀ fi bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá falẹ̀. Ó tú u wò, ó sì bá ihò ìkọ̀kọ̀ tí ẹnìkan ti gbẹ́ sínú ohun èlò ìfúnpọ̀ xz, tó ti wọ àwọn ẹ̀dà ìdánwò Debian àti Fedora. Linux tó ń lo glibc ni wọ́n dìídì gbẹ́ ihò náà fún, wọ́n sì gba ara systemd dé ọ̀dọ̀ sshd. Ní oṣù keje, Qualys tún tú àṣírí àléébù mìíràn nínú sshd, èyí tó lè sọ àjèjì di olúwa sáfà. Linux tó ń lo glibc náà ló tún kàn. OpenBSD, tó ṣe OpenSSH fún gbogbo ayé, kò fara gbá nínú méjèèjì. Àtúnṣe tó gbà á nínú ìkejì, wọ́n ti ṣe é láti 2001.

Ẹ wo bó ṣe súnmọ́ wa tó. Ká ní ara Freund gba ìfalẹ̀ díẹ̀ yẹn ni, ihò náà ì bá wọ ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ ń lò. Báńkì, ilé ìwòsàn, ìjọba: ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn gbé kalẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin irúfẹ́ ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ mọ ohun tí àrùn kan lè ṣe.

Mi ò ní kí ẹ ju Linux nù. Kubernetes nílò rẹ̀. NVIDIA kò ṣe CUDA fún FreeBSD. Driver àwọn ẹ̀rọ tuntun sì máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Linux. Joyent gbé kíláòdù rẹ̀ lé SmartOS, tó jẹ́ irú illumos kan, Samsung rà á ní 2016, ó sì ti kíláòdù náà fáráyé ní 2019. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ọdún 2019 náà ni wọ́n dá Oxide sílẹ̀, orí illumos ni wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ kíláòdù tí wọ́n ń tà sí.

Àwíjàre tí mi ò lè gbà ni "kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n". Ẹ̀yin lẹ kọ ìpolówó iṣẹ́ tó ní Linux nìkan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní àṣẹ Ubuntu, tí ẹ kò kọ́ ọ ní bí Unix ṣe ń ronú. Kí ni ẹ fẹ́ kó mọ̀?

Ẹ fi sáfà tí ẹ ń kó ẹ̀dà dátà pamọ́ sí bẹ̀rẹ̀, tàbí ẹnu-ọ̀nà firewall yín. FreeBSD wà lórí EC2 ti Amazon lónìí. Kò gba ju kí ẹ yàn án lọ. Ẹ fún ẹnjiníà kan ní àyè oṣù mẹ́ta láti wọn iyára rẹ̀, owó tó ń jẹ, àti iye ìgbà tó jí yín lóru. Kí ẹ sì gbé èsì rẹ̀ síta, ì báà dára, ì báà burú, kí àwa yòókù rí i kà.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́,
Ẹnjiníà sáfà kan