Ẹ Má Kó Wọn Lọ Sínú Igbó

Ohùn kan ń ti orí fóònù dé orí fóònù láàárín àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò kan n'Ìbàdàn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò dárúkọ ara rẹ̀, àmọ́ ohùn àgbàlagbà ni, irú ohùn tí èèyàn máa ń bọ̀wọ̀ fún kó tó ronú sí ohun tó ń sọ. Ó ní àwọn kan ti gba ilé ńlá kan ní òpópónà àwọn, wọ́n fẹ́ kó ọmọ àwọn amugbó àti ti àwọn tó ń fa oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní ice síbẹ̀ kí wọ́n máa tọ́jú wọn, kí oníkálùkù tètè dìde kí ọmọọ̀ta má baà di aládùúgbò òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi kún un pé ìbọn wà nínú ilé náà. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ní àwọn ò gbà. Àwọn ọmọ tí àwọn baba wọ̀nyí sì torí wọn ti géètì, àwọn kan nínú wọn ṣì ń tọ̀ sórí ẹní.

Ẹni tó ń pariwo ìbọn kò bí mi nínú tó ẹni tó fẹ́ ṣàánú. Kì í wọ́n ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò káwọ́ agbádá sókè tí yóò ní, "Ẹ̀yin ará, a ò sọ pé kí wọ́n má tọ́jú wọn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ilẹ̀ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún, níbi tó pa rọ́rọ́, kí wọ́n mọ odi gíga yí i ká, kí àwọn ọmọ náà lè gbàgbé ohun tójú wọn ti rí." Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ṣàdúrà ìparí, wọ́n á sì túká pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ pé àwọn ti ṣe oore.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe sún mọ́ ilé wọn tó? Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Kì í ṣe igbó nìkan ni wọ́n kà, oògùn ìrora tramadol àti oògùn ikọ́ oní-codeine tí èèyàn ń mu láìṣàìsàn wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa níbí, ó lé ní èèyàn 22 nínú ọgọ́rùn-ún. L'Ékòó, ó tó 33. Nínú mẹ́rin tó ń lò ó, obìnrin ni ẹnì kan. Nínú márùn-ún, ó ti di àìsàn sí ẹnì kan lára. Ẹ sì wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa, 15 sí 64: ìgbà tí èèyàn ń bímọ, tó ń tọ́mọ nìyẹn. Bàbá tó ń lé àwọn ọmọ yìí ní òpópónà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa bá ọmọ tirẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ gan-an, tí ojú ń tì wọ́n láti là mọ́lẹ̀, ni pé bárakú oògùn ń ràn, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, àti pé ọ̀nà jíjìn nìkan ló lè wò ó. Ẹni bíni là ń jọ, wọ́n á ní. Ó dáa. Ọmọ ọ̀mùtí ńkọ́? Àdúgbò wo ni wọn ò ti mọ ilé tí wọ́n ti ń gbé baálé wọlé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé? Ọmọ rẹ̀ ń bá tiyín lọ sí ilé kéú, ẹ ò mọ odi fún un. Ọmọ ẹni tó fi ilẹ̀ baba rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ọmọ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n Agodi ńkọ́? Ìyá tó ń ta páràgà ní gáréèjì, tí dírẹ́bà ń mu tirẹ̀ láàárọ̀ kó tó di ẹ̀mí èèyàn méjìdínlógún mú, òun lẹ fi ṣe akápò ẹgbẹ́. Nígbà tí àrùn kògbóògùn kọ́kọ́ gbòde, báyìí lẹ ṣe sá fún ọmọ tí kò ní kòkòrò kankan lára, torí pé ìyá rẹ̀ ní in. Ní 2014 tí Ẹ̀bólà wọ Èkó, ẹni tí dókítà ti ní ara rẹ̀ dá pátápátá dé ilé, àwọn aládùúgbò ń gba òdìkejì títì. Ẹ̀bólà kúkú ń ràn nígbà tó wà lára. Igbó tí bàbá mu kì í ràn ọmọ tó jókòó ní yàrá kejì, kò sì ní fò lórí ògiri wá bá ọmọ yín.

Ewu wà o, n kò ní tàn yín. Ara àwọn kan yára mú bárakú ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì lè tinú ìdílé wá. Ṣùgbọ́n kí ni odi fẹ́ ṣe sí ẹ̀jẹ̀? Ohun tó ń ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí oògùn ni àìrẹ́nibáwí, àìrẹ́nifẹ̀yìntì, àìsùn, àti ìtìjú. Odi gíga sì ni ilé ìtìjú. Láti ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà ti ń tẹ̀lé ọmọ 136 ní Bucharest, olú ìlú Romania, àwọn ọmọ tí wọ́n kó sí ilé ìtọ́jú ńláńlá láti kékeré. Wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó gbà wọ́n tọ́, ìdajì sì wà níbi tí wọ́n ti bá wọn. Ọpọlọ àwọn tó dé ilé èèyàn jí ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, pàápàá àwọn tó kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Àwọn tó kù ń jẹun, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì. Ẹni kan pàtó tó jẹ́ tiwọn, tí kì í yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́, ni wọn ò ní.

Ẹ wá wo ọmọ tí a ń sọ yìí. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tí tramadol ti di bárakú fún ìyá rẹ̀ kì í sùn bí ọmọ tiyín ṣe ń sùn. Ó máa ń dìde lóru láti fọwọ́ sí ihò imú ìyá rẹ̀, kó mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Ó mọ ibi tí gààrí wà, torí òun ló fi í pamọ́. Ó mọ ìyá oníbúrẹ́dì tó ń tà láwìn, ó mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ bú u. Bí ó bá ti gbọ́ irú ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, á pọn àbúrò rẹ̀, á gba ẹ̀yìn jáde lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì títí àwọn àlejò ìyá rẹ̀ fi máa lọ. Àdúgbò ló ń ti ọmọ yìí lẹ́yìn. Ẹ wá gbé e lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ẹ gba àbúrò lẹ́yìn rẹ̀ torí pé yàrá àwọn ọmọ kéékèèké yàtọ̀, ẹ pààrọ̀ ilé ìwé rẹ̀, ẹ ní ẹ gbà á là. Gbogbo ohun tí oògùn ò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbà á.

Ilé tó yẹ wọ́n kò le. Agbo ilé ni. Kó wà lójú òpópónà, níbi tí ọmọ á ti máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Kí ògiri iwájú má ga ju àyà èèyàn lọ, kí wọ́n fi bulọ́ọ̀kù oníhò parí òkè rẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè kí ẹni tó wà nínú. Kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, kí ẹnu omi kan sì yọ síta, kí àdúgbò máa wá pọn níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá síbẹ̀ láràárọ̀ ò ní gbà gbọ́ mọ́ pé ìbọn wà nínú ilé. Kí ṣọ́ọ̀bù kan wà níwájú fún télọ̀ tàbí onídìrí, tí yóò máa sanwó ilé, tí ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ á sì máa jókòó tì lọ́sàn-án. Bọ́ọ̀dù gàgàrà tó ní "Ilé Àwọn Ọmọ Báyìí-báyìí" lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e síbẹ̀. Ọmọ wo ló fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun ka ìyẹn kó tó kan ilẹ̀kùn?

Nínú, kí yàrá yí àgbàlá ká, kí ọmọ má ju mẹ́rin lọ ní yàrá kan, kí ọmọ ìyá má sì ya ara wọn. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2009 sọ nípa kí ọmọ ìyá má ya ara wọn àti nípa títọ́jú ọmọ nítòsí ibi tó ti ń gbé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Kí ilé ìdáná kọjú sí àgbàlá. Ọmọ tí ebi ti pa sùn rí fẹ́ máa rí ìkòkò lórí iná, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé alẹ́ òní ò ní rí bẹ́ẹ̀. Kí oníkálùkù ní àpótí tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ta bàtà ilé ìwé rẹ̀ rí ló mọ ìdí rẹ̀. Kí iná kékeré máa tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́jú, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ má jìnnà sí ibùsùn, kí yàrá ìyá ilé wà láàárín. Oògùn orí fífọ́ pàápàá, abẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni kó máa gbé.

Yàrá kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n náwó sí ju ìyókù lọ, òun sì ni àwọn tó ń kọ́ ilé ọmọ kì í rántí: yàrá tí òbí yóò ti máa rí ọmọ rẹ̀. Kó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ láti ìta, kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé ìdáná kí ìyá ilé lè máa rí wọn, kí ẹní àti àga méjì wà níbẹ̀. Ìyá tí ojú rẹ̀ bá dá lọ́jọ́ tí wọ́n fún un á wá jókòó, á dirun fún ọmọ rẹ̀, wọ́n á jọ jẹun. Bí ó bá wá pẹ̀lú ojú tó ti yí, ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ti máa fún un lómi mu, tí wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Kò ní dé ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ni mo tún ń wá òbí amugbó bọ̀ wá sí. Ọmọ ò ní bàbá mìíràn níbì kankan, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bárakú jẹ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú; wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Àrò l'Abẹ́òkúta, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yábàá l'Ékòó. Aláìsàn lè gbádùn, kó tún padà sídìí rẹ̀, kó tún gbádùn. Ìyá tí wọ́n ti kó ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ò lè gbé e dé, nítorí ta ló ṣe fẹ́ lọ gbàtọ́jú?

Bí mo bá sì dárúkọ Àrò, ó yẹ kí ojú ti àwọn olówó àdúgbò díẹ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, fi àwọn tí orí wọn dàrú wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn Àrò ká. Ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ gbàtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n jọ padà sáàárín àwọn ará abúlé nírọ̀lẹ́. Ayé wá wò ó. Dókítà náà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ilé àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé gba ẹni tí wọ́n ń pè ní wèrè nígbà tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń dè wọ́n níbòmíràn. Lónìí, ẹni tó ní dìgírì méjì àti kámẹ́rà lára géètì ń sá fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ òfin kò pọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní a kò gbọ́dọ̀ fipá ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ àyàfi nítorí ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú rẹ̀, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ire ọmọ náà nìyẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ìwé rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí kò bá lè fi ìwé hàn, ẹ lé e, mo wà lẹ́yìn yín. Ìlànà ìyá kan, ilé kan, ọmọ díẹ̀ kò sì ṣàjèjì: láti 1973 ni abúlé ọmọdé SOS ti ń ṣe é ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó. Ẹ̀yin tó ń gbé páálí Indomie lọ ṣọjọ́ìbí nílé ọmọ, tí ẹ ń to ọmọ ọlọ́mọ jọ fún fọ́tò, ẹ má dé ilé tí à ń sọ yìí. Ìyá àwọn ọmọ yìí ṣì wà láyé, ó sì ní fóònù.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ pa ọ̀rọ̀ ìbọn tì. Ẹ béèrè ta ni ìyá ilé, ṣé ibẹ̀ ló ń sùn. Ẹ béèrè ọmọ mélòó ni yóò wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọgọ́ta, ẹ ta kò ó, torí ilé ìwé onílé gbígbé nìyẹn. Ẹ béèrè ibi tí ilẹ̀kùn òbí wà. Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ nínú yín, tó ń fi ohùn líle bo ìtìjú mọ́lẹ̀, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ni 080010203040. Ìyá ọlọ́jà, ẹ fi ọmọbìnrin kan ti ara yín lọ́sàn-án Sátidé, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka owó. Ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀, ẹ dẹ́kun pípè wọ́n jáde síwájú kí ìjọ lè gbàdúrà fún "ọmọ amugbó". Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ka ìwé ìròyìn àná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, aago mẹ́rin ni àwọn ọmọ ń dé láti ilé ìwé, wọ́n sì ní iṣẹ́ àṣetiléwá.