Ọ̀RỌ̀ ỌKỌ̀: Tọ́bò ńlá kọ́ ni eré, èyí tó bá ẹ́ńjìnnì mu ni

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré mọ́tò kì í fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá bi wọ́n pé irú tọ́bò wo ni wọ́n fẹ́ fi sínú ọkọ̀ wọn, "Èyí tó tóbi jù!" ni wọ́n á fi dáhùn. Ibẹ̀ gan-an lowó àjọ ti ń wọmi, tí ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan á sì di irin àlòkù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó tún fẹ́ fi ọkọ̀ kan náà sá eré ìje tí wọ́n ń pè ní dírágì. Amẹ́ríkà ni eré yìí ti gbilẹ̀ jù. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á sì já lọ lójú ọ̀nà tó gún régé tí kò ju mítà 402 lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ìlà ló jẹ. Ọdún 1951 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa sáré nínú pápá tó ní òfin, kí wọ́n yé fi títì ìgboro ṣe pápá.

Kí wá ni tọ́bò ń ṣe? Ẹ wo alágbẹ̀dẹ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń fi ẹwìrì fínná, èédú á ràn, irin á pọ́n. Ẹwìrì ẹ́ńjìnnì ni tọ́bò. Èéfín gbígbóná tó yẹ kó gba sàlẹ́ńsà jáde lọ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ irin kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ló ń ki atẹ́gùn tútù sínú ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, epo tó máa jó á pọ̀, agbára á sì pọ̀. Alfred Büchi, ará Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ yìí lọ́dún 1905.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò le. Ẹ́ńjìnnì lítà 2 tó bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan máa ń fa atẹ́gùn bíi lítà 6,000. Dúrọ́ọ̀mù epo 30 nìyẹn, ní ìṣẹ́jú kan péré! Ẹ̀yin fọkanáísà, ẹ mọ géèjì. Atẹ́gùn tó yí wa ká ní ipá tirẹ̀, bíi pọ́n-ùn 14.7 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géèjì yín kì í kà á, nítorí orí òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí tọ́bò bá wá fi bíi pọ́n-ùn 14 lé ti ilẹ̀, atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Dúrọ́ọ̀mù 30 di nǹkan bí 60. Àmọ́ atẹ́gùn tí wọ́n bá kì mọ́ra máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rédíétọ̀ atẹ́gùn sí i kó lè tutù kó tó wọlé.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọkùnrin kan tó gbé irú ọkọ̀ lítà 2 bẹ́ẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wá tọ́bò tó tóbi jù lọ."

"Agbára ẹṣin mélòó lo fẹ́?"

"Ẹgbẹ̀rún kan, sà."

"Ọjọ́ mélòó lo ń gbé ọkọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀?"

"Ọjọ́ márùn-ún, sà."

"Eré ìje ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù."

"Ta wá ni ká dá aṣọ fún, ará ojoojúmọ́ àbí ará ẹ̀ẹ̀kan lóṣù?"

Ọ̀gá yẹn mọṣẹ́. Abẹ̀bẹ̀ tọ́bò ńlá wúwo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èéfín tó ń tú jáde kò tó láti yí i. Awakọ̀ á tẹ iná mọ́ ọkọ̀ títí, ọkọ̀ á máa wò ó. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí dé bíi 4,500 ni tọ́bò á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á sì jí lójijì bí ẹni tí wọ́n ta lẹ́gba. Ní pápá dírágì, kò burú, nítorí òkè téńté ni wọ́n ń yí ẹ́ńjìnnì sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lójú títì tí òjò ti rọ̀ sí, ní kọ́nà, ewu ńlá ni.

Tọ́bò kékeré náà ní àléébù tirẹ̀. Ó máa ń tètè jí, àní ní bíi 2,000, ó sì dùn ún wà nígboro. Àmọ́ bí eré bá dé òkè, èémí rẹ̀ á pin. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á sì dí èéfín lọ́nà.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ gan-an ti jà mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1978, Saab ti Sweden gbé ọkọ̀ 99 Turbo jáde fún títà. Lítà 2 ni, tọ́bò kékeré ni wọ́n fi sí i kó lè wúlò níbi tí èèyàn ti ń wakọ̀ lójoojúmọ́. Lọ́dún 1993, Toyota gbé Supra tuntun jáde pẹ̀lú tọ́bò méjì. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ìkejì á dara pọ̀ mọ́ ọn ní bíi 4,000. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní agbára ẹṣin 320. Ọ̀pọ̀ àwọn eléré dírágì ló tú méjèèjì kúrò, tí wọ́n fi ńlá kan ṣoṣo rọ́pò wọn. Wọ́n rí agbára lókè lóòótọ́, wọ́n sì pàdánù ìrọ̀rùn ìsàlẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń yan èyí tó tọ́? Kó kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa agbára tó fẹ́. Fún ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo bẹntiróòlù, pọ́n-ùn atẹ́gùn kan ní ìṣẹ́jú kan máa ń mú bí agbára ẹṣin 10 wá. Ẹni tó ń wá 300 nílò bíi pọ́n-ùn 30, èyí ò sì jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù 60 tí a sọ. Ẹni tó ń wá 1,000 lórí lítà 2 ńkọ́? Atẹ́gùn dúrọ́ọ̀mù tó lé ní 180 ló ń wá! Pístìn àti gáskẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kò ní gbà á.

Lẹ́yìn náà, kó wo àwòrán tí àwọn tó ṣe tọ́bò máa ń tẹ̀ fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Àárín àwòrán yẹn ló yẹ kí atẹ́gùn tó nílò bọ́ sí. Bó bá bọ́ sí òsì jù, atẹ́gùn á máa padà sẹ́yìn, tọ́bò á máa gbọ̀n. Bó bá bọ́ sí ọ̀tún jù, tọ́bò ti kéré nìyẹn. Kó tún wo nọ́ńbà A/R tó wà lára ilé tí èéfín ń gbà. Lára tọ́bò kan náà, 0.63 á tètè jí ju 0.82 lọ, ṣùgbọ́n 0.82 á mí dáadáa lókè. Fún ọkọ̀ iṣẹ́ tó tún ń lọ pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń tètè jí ló dáa.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, bí ọmọ bá wá yá owó lọ́wọ́ yín nítorí tọ́bò, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó tú ìdí aṣọ. Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè gbà á? Ṣé epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì á tó atẹ́gùn tuntun náà? Ṣé bíréékì àti táyà ọkọ̀ rẹ̀ lè dá irú eré bẹ́ẹ̀ dúró? Bó bá ń kólòlò, ẹ jẹ́ kówó yín sinmi.

Ẹ̀yin onílọ́rì dísù tí tọ́bò wà lára ọkọ̀ yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìkan ló sì ń gbé ọ̀pá rẹ̀ ró. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè pẹ̀lú ẹrù dé, ẹ má pa iná ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó rọra jó fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ara tọ́bò lè rọlẹ̀.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.