Ẹ ṢÍRÒ TILÉ MỌ́ ỌN!

Ẹ̀yin ọmọ Òsì, Ìlọ́fà àti agbègbè wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun!

A gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ háyà ọkọ̀ olówó ńlá, kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin wakọ̀ gun àwọn òkè Ítálì, títí dé Stelvio tó ga ju mítà 2,700 lọ. Ìgbádùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run ló dá òkè yẹn náà.

Àmọ́ a ò ní gba "kò sówó" lẹ́nu yín mọ́, tá a bá ní kẹ́ ẹ dáwó fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà ilé. Oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n pa Olúkòrò láàfin. Oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn ní Èrúkù, wọ́n kó èèyàn 38 lọ kí Ọlọ́run tó yọ wọ́n. Ẹ̀yin lè gun kọ́nà 48 láìfòyà; àwọn ìyá yín ń bẹ̀rù ọ̀nà oko!

Lúùkù 14:28 kọ́ wa ká jókòó ṣírò. Ẹ ti ṣírò epo àti òtẹ́ẹ̀lì. Ó dáa. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan péré, ẹ fi ránṣẹ́ sílé.

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Tílé ò bá rójú, níbo lẹ fẹ́ bọ̀ sí?

Ẹni tó bá gbà, kó kọ ÀMÍN, kó sì ṣe é.