Ẹ Dà Á Kọ Kí Ẹ Tó Tún Un Ṣe

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti òróró tí a fẹ́ pín. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ni. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá, yóò ní, "Kí ló kàn mí nínú kọ̀ǹpútà? Ata ni mo ń tà ní tèmi." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Owó yín ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní àkókò òjò tó kọjá. Ọjọ́ ìdáwó ni, èrò pọ̀ ní ọ́fíìsì, akọ̀wé ń tẹ owó tí kálukú mú wá sínú ẹ̀rọ. Ni iná bá lọ lójijì. Bátìrì tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ dúró títí a ó fi tan jẹnẹrétọ̀ ti kú tipẹ́. A kàn ń wò ó lábẹ́ tábìlì ni. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ kò ṣí bó ṣe máa ń ṣí. Ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun fẹ́ yẹ díìsìkì wò, ó sì fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti dá òun dúró bí a kò bá fẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ní, "Ẹ má dààmú, ẹ jẹ́ ó tún ara rẹ̀ ṣe." A jẹ́ ó tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tó parí, fáìlì owó yíyá kò ṣí mọ́.

A wá rántí àdàkọ kan tó wà nínú fláàṣì. Inú wa dùn, a gbé e sórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ ń lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé ìgbà wo la ti dà á kọ. Àṣé oṣù márùn-ún ti kọjá lórí rẹ̀. Bí a ṣe kọ lẹ́tà sí ìyá kan nínú wa nìyẹn, tó ń tajà ní Ajégúnlẹ̀, pé láti oṣù márùn-ún kò san kọ́bọ̀ nínú owó tó yá. A sì pe àwọn onídùúró rẹ̀. Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú ọ̀rá, ó yọ páàsìbúùkù rẹ̀ jáde, ìbuwọ́lù akápò wà níbẹ̀ fún oṣù márààrún. Ojú tì wá. À ń pè é ní onígbèsè, àwa gan-an la jẹ ẹ́ ní àlàyé. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpàdé, a sì tún ń tọrọ rẹ̀ níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n àforíjì nìkan kò tó. Ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn, kó má bàa tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọjà ṣe àpèjúwe. Díìsìkì dà bí ọjà ńlá tó ní ìsọ̀ tí kò lóǹkà. Fáìlì kan lè má gba ìsọ̀ kan ṣoṣo. Apá kan rẹ̀ lè wà ní ìsọ̀ kẹrin, apá kan ní ìkẹsàn-án, ìyókù ní ìkẹtàdínlógún. Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà tó ń sọ ẹni tó ni ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan àti èyí tó ṣófo. Ìwé yẹn ni ẹ̀rọ fi ń rí ẹrù rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ti kó ẹrù wọ ìsọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé àti ọjà kò ní bá ara wọn mu mọ́. Nígbà mìíràn, ẹrù á wà ní ìsọ̀ tí kò sẹ́ni tó ni ín. Nígbà mìíràn, fáìlì méjì á máa du ìsọ̀ kan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ ìsọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti là, kò lè gbẹ́rù dúró mọ́.

Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà mọ̀ pé èyí yóò máa ṣẹlẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Ted Kowalski ní Amẹ́ríkà ṣe irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní fsck fún àwọn ẹ̀rọ Unix. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré IBM jáde ní 1981, irinṣẹ́ CHKDSK wà nínú DOS tó bá a wá, ó sì wà nínú Windows títí di òní. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á mú ìwé ọjà lọ́wọ́, wọ́n á máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n á wo ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti bára mu.

Ibi tí a ti ṣìnà nìyí o. Ẹni tó ń tún ìwé ọjà ṣe kò mọ iye tí ẹrù tó. Ohun tó ń wá ni kí ìwé àti ìsọ̀ bára mu, kí ọjà lè ṣí lọ́la. Bí fáìlì méjì bá ń jà sí ìsọ̀ kan, ó lè já ọ̀kan kù. Ẹrù tí kò bá rí olówó rẹ̀, yóò kó o sí abà kan lẹ́yìn ọjà. Nínú Windows, ẹ ó rí abà yẹn tí a pè é ní FOUND.000, pẹ̀lú àwọn fáìlì bíi FILE0000.CHK nínú rẹ̀. Nínú Linux, lost+found ni. Fáìlì owó yíyá wa ti di àjákù nínú irú abà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ní òun ti tún un ṣe, kò sì parọ́: ọjà ni ó tún ṣe, kì í ṣe ẹrù wa. Bí ẹnì kan bá sì ti tẹ 5,000 dípò 50,000, àyẹ̀wò díìsìkì kankan kò lè rí i, nítorí ìsọ̀ rẹ̀ pé, orúkọ rẹ̀ pé.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ òde òní ti kọjá bẹ́ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. NTFS tó bá Windows NT wá ní 1993, àti ext3 tó wọ Linux ní 2001, máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú ìwé ojoojúmọ́ kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n lè rántí bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ọjà nìyẹn ń dáàbò bò jù lọ. Ohun tí akọ̀wé ń tẹ̀ lọ́wọ́ ṣì lè sọnù. Fláàṣì tí a ń fi sápò kiri ńkọ́? FAT32 tàbí exFAT ló wọ́pọ̀ lórí wọn, àwọn méjèèjì kò sì ní irú ìwé ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀. A ó kàn fà á yọ bí ẹni fa èpò, a ó wá máa ṣe kàyéfì pé fáìlì bàjẹ́.

Ẹ̀kọ́ ńlá kan tún wà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1999 sí 2015, ó lé ní 900 àwọn alábòójútó ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n dá lẹ́bi olè àti èrú, nítorí ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Horizon sọ pé owó kù lọ́wọ́ wọn. Ètò yẹn ló ní àṣìṣe. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé. Ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó fi òfin pa ìdálẹ́bi ọ̀pọ̀ wọn rẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe díìsìkì, ṣùgbọ́n ìwà tó fà á la fẹ́ kí ẹ kíyè sí: wọ́n gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ènìyàn lọ. Lẹ́tà tí a kọ sí ìyá wa, àbúrò rẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ àbá tó wà níwájú ìgbìmọ̀, pé kí á pa páàsìbúùkù tì, kí á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ránṣẹ́ sórí fóònù. Ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń wá, inú ẹ̀rọ kan náà ni. Bí ẹ̀rọ bá ṣìnà, àtẹ̀jíṣẹ́ á bá a ṣìnà. Ṣùgbọ́n a kò tún sí lẹ́yìn àwọn tó ní kí á gbé kọ̀ǹpútà jù sọ́sà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìkún omi ń fi ojú ìwé rí ní Ajégúnlẹ̀. Ikán náà kò sì mọ lẹ́jà yàtọ̀ sí pákó. Kí ìwé jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ìwé. Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wọ Nàìjíríà ní 1935, ìṣe wa ni pé ẹnì kan kì í dá ka owó kó dá jẹ́rìí sí i.

Àbá tiwa rèé fún ìpàdé gbogboogbò. Ìkíní, kí á ra bátìrì tuntun fún ẹ̀rọ, àti díìsìkì méjì fún àdàkọ. Ní gbogbo ọjọ́ ìdáwó, kí á da ìwé owó kọ sórí ọ̀kan, kí á kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i lára gàgàrà. Kí èkejì máa gbé ní ibòmíràn, kì í ṣe inú ọ́fíìsì kan náà.

Ìkejì, kí á máa yẹ díìsìkì wò lóṣooṣù bí a ṣe ń kádìí ìwé owó. Bí a bá pe CHKDSK láìfi nǹkan kún un, wíwò lásán ló máa wò. Ìgbà tí a bá fi /f kún un ni yóò tún un ṣe. Bó bá jẹ́ /r, yóò tún wá ibi tó ti là lára díìsìkì. Nítorí náà, wíwò ni kó kọ́kọ́ ṣe.

Ìkẹta, bí àṣìṣe bá yọjú, kí ẹnikẹ́ni má tẹ àtúnṣe kí á tó da gbogbo ohun tó ṣì ṣeé kà kọ síbòmíràn. Kí a má tún tẹ ohun tuntun sórí díìsìkì náà. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ pa á, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò lè parí ìyókù ẹ̀mí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì bi yín bóyá kí òun format rẹ̀, ẹ sọ pé rárá. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe o, ìwé ọjà tuntun tó ṣófo ni yóò ṣí.

Ìkẹrin, tó ká wa lára jù: bí ẹ̀rọ àti páàsìbúùkù kò bá bára mu, kí a má pe ọmọ ẹgbẹ́ kankan ní onígbèsè, kí a má sì pe onídùúró rẹ̀, títí akọ̀wé, akápò àti ọ́dítọ̀ yóò fi jókòó ti lẹ́jà àti rìsíìtì.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ mú páàsìbúùkù yín dání bí ẹ bá ń bọ̀ wá dáwó. Ẹ má kúrò níwájú akápò kó tó buwọ́ lù ú. Ẹ gbé e sínú ọ̀rá bíi ti ìyá wa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Owó tí ẹ fi òógùn ojú wá, ẹ má jẹ́ kó bá iná tó lọ lójijì lọ. Ó dìgbà kan ná o.