Àwa Là Ń Kó Kòrónà Ran Nọ́ọ̀sì Wa

Ẹ̀yin ará, nọ́ọ̀sì tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́ẹ̀mejì ṣì ń kó kòrónà. Dókítà náà ń kó o. Ẹ ti gbọ́ ọ, àwọn kan sì ti sọ ọ́ di àwáwí: "Abẹ́rẹ́ yẹn ò ṣiṣẹ́!"

Ó ṣiṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn Sheba ní Ísírẹ́lì, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún òṣìṣẹ́ 1,497 tó ti gba abẹ́rẹ́ pé. Àwọn 39 nínú wọn ló ní kòrónà. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ara àwọn kan ò tíì yá: ẹlòmíì ò gbóòórùn, ẹlòmíì ń wúkọ́, àárẹ̀ mú ẹlòmíì.

Ta ló kó o ràn wọ́n? Nínú 37 tí wọ́n rí ìsọfúnni nípa ibi tí wọ́n ti kó o, ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ ni wọ́n fura sí, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ti àwọn 21, ará ilé wọn ni!

Níhìn-ín, àwa náà ni, ẹ̀yin ará. Àwa tá à ń wúkọ́ sójú nọ́ọ̀sì láìbo ẹnu. Àwa tá à ń purọ́ fún dókítà pé ibà lásán ni. Àwa tá à ń sá fún abẹ́rẹ́, tá a tún ń sá tọ̀ wọ́n lọ nígbà tí èémí ò bá já geere mọ́.

Ó tó gẹ́ẹ́!

Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ bo imú, ẹ bo ẹnu, kẹ́ ẹ tó wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Ẹ ṣí fèrèsé níbi tẹ́ ẹ bá jókòó sí. Ẹ sọ òótọ́ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ má kó èrò mẹ́wàá tẹ̀ lé aláìsàn kan. Ẹ̀yin tí nọ́ọ̀sì ń bá yín gbélé, tiyín le jù: kí gbogbo ilé gba abẹ́rẹ́, àtọkọ àtaya, àtìyá àgbà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ lọ béèrè ní ibùdó ìlera yín: ṣé ìbomú wà? Ṣé omi àti ọṣẹ wà? Bí kò bá sí, ẹ kọrí sí kánsù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ rántí pé nígbà tí kòrónà wọ Nàìjíríà lọ́dún 2020, ₦5,000 péré lóṣù ni owó ewu tí dókítà ìjọba ń gbà. Ẹ ò rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa ti ṣe tiwọn?

Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀la ni kẹ́ ẹ lọ gba abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì mú aládùúgbò kan dání.